Ilẹ̀ Rírọ̀ Kan Ṣoṣo

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999, ọyẹ́ mú débi pé gbogbo koríko Ìkẹ́rẹ́ gbẹ kanrin, ṣùgbọ́n òdòdó tó wà lórí sàréè Akínwándé tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí i lánàá. Tinúọlá, opó rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Bó bá ti jí láàárọ̀, á gbé àpótí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, á máa fọwọ́ pa àwọn òdòdó pupa wọ̀nyẹn lára, á sì máa rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ òun wà lọ́dọ̀ Olúwa, kó wá wo ohun tó ń hù lórí rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn náà ní, "Ògo ni fún Ọlọ́run." Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin tó ṣe ọ̀gá iléèwé fún ọdún mẹ́tàlélógún tí kò jẹ kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni, bó bá hu òdòdó lẹ́yìn ikú, ó yẹ ẹ́.

Lápá ọ̀tún sàréè yẹn, ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn kan lè nà sí lọ. Tinúọlá ti to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ ni tirẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún Olúkáyọ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó ti sọ ọ́ fún olùṣọ́àgùntàn. Ó tilẹ̀ ti sọ ọ́ fún àwọn ayálégbé. "Ẹ má gbé mi lọ síbòmíràn o. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi sùn sápá ọ̀tún ọkùnrin yìí. Ibẹ̀ náà ni mo máa sùn sí." Kí n má parọ́, kò sí nǹkan mìíràn tó tún ń tọrọ láyé yìí mọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ nípa ilé náà. Orí àpáta ni wọ́n tẹ Ìkẹ́rẹ́ dó sí, gbogbo ẹni tó ti gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ rí ló mọ̀. Nígbà tí Akínwándé ra ilẹ̀ yẹn ní 1978, kó tó gé búlọ́ọ̀kù kan, ọ̀pá irin ló kọ́kọ́ mú. Ó ń fi òòlù gbá a wọlẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan sí èkejì, láti ojú títì títí dé ẹ̀yìn ilé. Gbogbo ibi tó gbá a sí, kọ̀ọ̀, àpáta. Ibi méjì péré ni ọ̀pá ti wọlẹ̀ dáadáa: ọ̀kan lẹ́yìn ilé ìdáná, èkejì ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i nísàlẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ló gbẹ́ sọ́kàwé sí, ihò tí ìgbẹ́ àti omi ilé ìyàgbẹ́ ń wọ̀ lọ. Ó fi èkejì sílẹ̀ gedegbe. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin ata lásán síbẹ̀.

Ó máa ń wí fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Tinú, sọ́kàwé kì í gbé ayé títí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí tibẹ̀yẹn máa kú. Ibí la máa gbẹ́ òmíràn sí. Kò sí ibòmíràn, ṣé o gbọ́?"

Ọdọọdún ló ń sọ ọ́, bí tíṣà ṣe máa ń sọ nǹkan. Tinúọlá á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Káyọ̀dé, ṣé ìgbẹ́ lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ ṣe ogún fún wa ni?"

Oṣù Kejìlá 1996 ló kú. Oṣù méjì péré ni wọ́n tíì dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, ọkùnrin yìí jó yí ilé po pẹ̀lú táwẹ́lì lọ́rùn, àfi bí ọmọdé. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló gbé e lọ. Òkú wà ní mọ́ṣúárì l'Ádó, wọ́n ti tẹ ìwé ìpè, wọ́n ti pe ẹbí láti Èkó àti Ìbàdàn. Nígbà tó ku ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kó díígà wá láti gbẹ́ sàréè. Wọ́n gbẹ́ iwájú ilé, ihò náà kò jìn ju orúnkún lọ, wọ́n kan àpáta. Wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀, àpáta. Wọ́n lọ sídìí ògiri, díígà méjì kán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, òkú á sì dé láàárọ̀.

Ẹnìkan ní kí wọ́n kúkú gbé Bàbá lọ sí itẹ́ òkú ìjọ. Há! Ọ̀gá iléèwé, onílé, kí wọ́n lọ sin ín sí ibi tí wọ́n ń sin àwọn tí kò nílé? Kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ sétí l'Ékìtì. Tinúọlá fúnra rẹ̀ ló jáde síta pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn, tójú rẹ̀ ti wú. Ó fọwọ́ hàn wọ́n. Ó ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ síbẹ̀ yẹn."

Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀bà. Kí wákàtí méjì tó pé, wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán, gbogbo wọn sì ń yin Ọlọ́run. Ṣé obìnrin yìí kò wá rántí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni? Ó rántí o. N kò ní bá a purọ́. Ó rántí, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ sọ́kàwé kò tíì kàn, ó di ọjọ́ iwájú.

Ọjọ́ iwájú náà kò pẹ́ kó tó dé. Bí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó bọ̀ láti Àkúrẹ́. Kò sí yàrá mọ́ l'Ádó, ni wọ́n bá ya bo Ìkẹ́rẹ́. Tinúọlá fi yàrá mẹ́ta ẹ̀yìn háyà. Elijah, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ló gba méjì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Bùsọ́lá àti ọmọ márùn-ún. Tọkọtaya kan àtọmọ wọn gba ẹ̀kẹta. Ihò tí Akínwándé gbẹ́ fún tọkọtaya àti ọmọ kan, ìdí mọ́kànlá ló ń jókòó lé e lórí báyìí.

Inú ilé ìyàgbẹ́ ni wàhálà ti kọ́kọ́ yọjú. Bí wọ́n bá da omi sí i, omi á kọ́kọ́ gòkè, á dúró, á máa rò ó, kó tó wá rọra máa wọ́ lọ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹnìkan bá da omi nílé ìyàgbẹ́, ojú ihò balùwẹ̀ á máa dún gbùlù-gbùlù. Lẹ́yìn náà ni òórùn dé. Tinúọlá di ẹ̀bi rẹ̀ ru Bùsọ́lá.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń da eegun ẹja síbẹ̀. Ilé yìí kò ṣe báyìí rí kẹ́ ẹ tó dé."

Bùsọ́lá kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò pa ẹnu mọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ò da nǹkan kan síbẹ̀. Sọ́kàwé yín ló ti kú. Tilé wa ní Àkúrẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó yí padà sínú ilé."

"Kú kẹ̀? Ẹnu ẹ ni yóò kú!"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi kí ara wọn. Tinúọlá da iyọ̀ sí i, ó da kẹrosíìnì sí i, ó gbàdúrà sí i. Nígbà tó pẹ́, ó ránṣẹ́ sí Olúkáyọ̀dé, ìyẹn sì rán ọkọ̀ táńkà wá láti wá fa ìgbẹ́ náà. Gbogbo àdúgbò ló dimú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ara tu Tinúọlá, ó ní ó ti parí nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, omi tún kún dé ẹnu àwo. Ta ló wá fẹ́ dá lẹ́bi báyìí? Ihò tí wọ́n fà gbẹ, tó tún kún láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ilẹ̀ rẹ̀ ti kọ omi nìyẹn.

Wọ́n pe Stephen, bíríkìlà tó dàgbà jù lágbègbè náà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ gan-an. Ó ṣí ọmọrí sọ́kàwé, ó tàn tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ó sì ń mi orí.

"Yèyé, eléyìí ti parí. Ògiri ti ya wọnú, ìsàlẹ̀ ti di pa bíi símẹ́ńtì. Ẹ ò lè tún un ṣe. Òmíràn lẹ máa gbẹ́. Ṣé bàbá ò fi ibì kankan sílẹ̀ nínú ulé yìí ni?"

Tinúọlá ń tún ìró rẹ̀ ró. Stephen mú ọ̀pá irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a wọlẹ̀ kiri, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀, títí tó fi dé ibi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Kí Tinúọlá tó lè pariwo pé kó má débẹ̀, ọ̀pá ti rì wọlẹ̀ dé ìdajì. Stephen fà á yọ. Ó tutù. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó sáré já ewé, ó sì ń fi nù ún.

"Stephen, omi kí nìyẹn?"

"Yèyé, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Mo ní omi kí nìyẹn?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Omi ibẹ̀ yẹn náà ni." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. "Nígbà tí ihò yẹn ò gba omi mọ́, omi gba orí àpáta wá. Ibi tó rọ̀ ló ń wá kiri. Ọjọ́ ti pẹ́ o, ó máa tó ọdún kan àbọ̀. Ibí náà ló ti kún báyìí, tó fi wá ń padà sínú ulé. Òun ló ń bomi rin àwọn òdòdó…"

Kò lè sọ ọ́ parí. Tinúọlá ti gbé ara rẹ̀ ṣánlẹ̀.

"Yéè! Akínwándé o! Àṣé àwa là ń yàgbẹ́ sí ọ lára!"

Bùsọ́lá sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Òun ló dì í mú. Ìjà wọn parí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rántí pé ìjà kankan wà mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Tinúọlá ti ti ìlẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ pa. Ó ní kí oníkálukú máa lọ sígbó, òun náà sì ń lọ, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó pe àwọn tó ń fọ́ òkúta láti ẹsẹ̀ òkè. Ó ní kí wọ́n bá òun fọ́ àpáta níbòmíràn, ibikíbi, kí wọ́n má ṣáà ti fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn. Wọ́n kó igi àti táyà ògbólógbòó jọ, wọ́n dáná sórí àpáta bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n da omi tútù lé e kó lè sán, wọ́n wá ń fi òòlù ńlá fọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì. Èéfín dúdú fẹ́ ba gbogbo aṣọ àdúgbò jẹ́. Ihò tí wọ́n rí gbẹ́ kò bo orúnkún, ògiri ilé ìdáná sì là láti òkè délẹ̀. Olórí wọn fúnra rẹ̀ ló ní àwọn ò ṣe mọ́, pé bí àwọn bá tún dáná kan sí i, ilé á wó lé màmá lórí.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí nígbà tí wolé-wolé dé. Ìgbẹ́ gbuuru ti mú ọmọ méjì nílé tó wà nísàlẹ̀ tiwọn, kànga ibẹ̀ sì ti ń rùn. Wolé-wolé wò yíká, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì fi ọ̀dà pupa kun ara ògiri. Kò pariwo, ó tilẹ̀ pe Tinúọlá ní màmá. Ó ní kí wọ́n gbọ́n ihò àtijọ́ gbẹ, kí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí i, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ á ti ilé náà pa.

Olúkáyọ̀dé wá láti Ìbàdàn. Ẹbí péjọ sí pálọ̀, ó sì là á fún wọn pé ibi sàréè nìkan ló kù láti gbẹ́ sí. Ọlátúndé, àbúrò olóògbé, ló kọ́kọ́ dìde.

"Tí mo bá wà láàyè, kò sẹ́ni tó máa hú ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ṣé iṣu ni?"

Tinúọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan máa gbèjà rẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúkáyọ̀dé kò bá a jiyàn. Ó di ọwọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ká lọ." Àwọn méjèèjì jáde lọ síbi sàréè. Ihò ọ̀pá irin Stephen ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò pẹ́. Nígbà tí Ọlátúndé padà wọlé, ó jókòó, ó sì fi fìlà bojú.

"Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀," ló wí. "Ẹ gbé e kúrò lónìí bó bá ṣeé ṣe."

"Ẹ gbé e lọ síbo?" Tinúọlá bi wọ́n. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ mìíràn nínú ọgbà náà tó jìn tó sàréè. Itẹ́ òkú ìjọ ló kù, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. "Èmi ńkọ́? Káyọ̀dé, èmi ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Bàbá."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ní kí opó má yọjú, ṣùgbọ́n ta ló lè ti fèrèsé mọ́ ọn? Ó rí i nígbà tí wọ́n fi okùn fa pósí náà sókè tí omi ń ro sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó rí i tí olùṣọ́àgùntàn fi apá aṣọ bo imú. Ojú tì í nítorí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń lọ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, tó máa ń fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òun làwọn ènìyàn ń dimú fún. Òun Tinúọlá ló sì fọwọ́ hàn wọ́n pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé òun lòun fọwọ́ hàn wọ́n.

Wọ́n gbé e sínú pósí tuntun, wọ́n sì sin ín ní ọ̀sán náà. Bí àdúrà ti parí, Tinúọlá lọ bá Akínọlá, ẹni tó ń bójú tó itẹ́ òkú fún ìjọ.

"Akínọlá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ yìí, ẹ bá mi fi pamọ́."

Akínọlá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣí fìlà kó tó sọ̀rọ̀. "Màmá, àwa kì í fi ààyè pamọ́ níbí. Ìjọ ti fòfin dè é, kò gba ọlọ́lá, kò gba tálákà. Bí òkú bá ṣe dé la ṣe ń tò wọ́n. Ẹni tó bá kú tẹ̀ lé Bàbá ló ni ibẹ̀ yẹn."

Ó bẹ̀bẹ̀. Olúkáyọ̀dé bá a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n lọ bá olùṣọ́àgùntàn, ìyẹn náà ní bóun bá ṣe é fún ẹnìkan, gbogbo ìjọ ni yóò wá pín ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́.

Kí wolé-wolé tó padà wá, Stephen ti gbẹ́ sọ́kàwé tuntun. Ó gba ibi tí Akínwándé sùn sí, ó sì gba ibi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Iṣẹ́ náà dára. Omi ń wọ̀ lọ fàà, òórùn lọ, Bùsọ́lá àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń dúpẹ́. Tinúọlá kò wọ ilé ìyàgbẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Póò ló ń lò nínú yàrá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé e lọ dà sígbó.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣe: ó ń ṣọ́ ìjọ kí ẹnikẹ́ni má kú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí wọ́n bá ka orúkọ aláìsàn lọ́jọ́ Ìsinmi, Tinúọlá á ti débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, pẹ̀lú ọsàn àti ẹ̀kọ gbígbóná. Ó gbàdúrà fún bàbá kan tó ní àrùn ẹ̀gbà títí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó jókòó ti abiyamọ kan nílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará ìjọ ní opó yìí mà ti wá di ènìyàn mímọ́. Wọn kò mọ̀ pé bó bá délé, ó máa ń kúnlẹ̀ ní apá ọ̀tún ibùsùn, á ní, "Olúwa, ó tó gẹ́ẹ́. Èmi ló kàn. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó jẹ́ èmi." Ara rẹ̀ sì le koko. Ẹsẹ̀ lásán kò dùn ún.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá tí wọ́n ti tún Akínwándé sin ni Felicia kú, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tí Tinúọlá kò mọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Kò ṣàìsàn. Kò sí lórí ìwé aláìsàn kankan. Ó yọ̀ níbi tó ti ń fọ aṣọ, ó fi orí gbálẹ̀, ó parí.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sin ín. Ẹgbẹ́ Ìyá wọ aṣọ funfun, Tinúọlá wà láàárín wọn, ó sì ń bá wọn kọrin títí wọ́n fi gbé pósí dé ẹnu ihò. Akínọlá rí i, ó sáré gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí pósí ti ń lọ sílẹ̀ ní apá ọ̀tún Akínwándé ni orin gé mọ́ Tinúọlá lẹ́nu. Ó ké, ó ṣubú sórí yẹ̀pẹ̀ pupa, ó ń fọwọ́ wa ilẹ̀. Mẹ́rin làwọn tó gbé e dìde. Àwọn ọmọ Felicia gan-an kò sunkún tó bẹ́ẹ̀.

Ṣèyífúnmi, àkọ́bí olóògbé, ló wá bá a, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀. Omijé wà lójú òun náà. Ó ní, "Màmá, a ò mọ̀ pé ẹ̀yin àti ìyá wa fẹ́ràn ara yín tó báyìí. Ẹ ṣé gan-an ni. Ọkàn wa balẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ yín ló sùn sí."

Tinúọlá wo ọmọ náà títí. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, ọmọ mi," wọ́n sì mú un lọ sínú ọkọ̀.